Akin Di Lẹ́tà Méjìlélọ́gbọ̀n

"Dúró ńbẹ̀! Ta lò ń pè ní Akin?"

Dọ̀tun gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

"Sà, n ò pe ẹnikẹ́ni o. Ọ̀nà àbùjá ni."

"Ọ̀nà àbùjá wá gba orí mi kọjá?"

Ẹ̀rín ń pa mí! Mo yáa dorí kodò bí ẹni ń wá bírò tó jábọ́.

Wẹ́ẹ̀bùsáìtì là ń ṣe fáwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Uselu. Ọ̀gá wa, Alàgbà Akínwùmí, ló kọ ìwé atọ́nà tá a máa ń yẹ̀ wò tíṣẹ́ bá dojú rú. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, àdírẹ́sì ẹ̀ sì gùn: lẹ́tà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ni Dọ̀tun bá ṣe ọ̀nà àbùjá kan sínú búráúsà tá a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Tẹ "akin", fi ohun tó ò ń wá tẹ̀ lé e, fìà! Ojú ewé ẹ̀ ti ṣí.

Ó dáa, àbí?

Kò dáa.

"Èmi tí mo bímọ mẹ́fà, tí mo jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, o wá ń fi ìka kan tẹ̀ mí ní 'akin'! Yọ ọ́ kíá! Kọ mí bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ àgbà!"

Bí ọ̀nà àbùjá ṣe di báyìí nìyẹn:

alagbaakinwumibabaayomideogaagba

Lẹ́tà méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Àbùjá ti wá jìn ju ọ̀nà gidi lọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdé, Madam Títíloyè tó ni hòtẹ́ẹ̀lì ní GRA já wọlé, wùù! Oníbàárà wa tó tóbi jù nìyẹn. Bọ́tìnnì tí àlejò fi ń gba yàrá lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì ẹ̀ ti kú. Ó ṣí ìgò móòtì kan, ó jókòó.

"Tí mo bá mu èyí tán tẹ́ ò tíì tún un ṣe, mo ti gbéṣẹ́ yín fẹ́lòmíì."

Ojú ewé kan péré nínú ìwé atọ́nà ni àtúnṣe ẹ̀ wà. Dọ̀tun ì bá tẹ àdírẹ́sì, àmọ́ Alàgbà dúró gbagidi sẹ́yìn ẹ̀, ló bá ń tẹ orúkọ gígùn yẹn.

Kó-kó-kó-kó-kó...

Alàgbà ń mirí bí ẹni tí wọ́n ń kì.

Madam gbé móòtì sẹ́nu. Gbuu.

Kó-kó-kó... Yéè! Dọ̀tun fo "a" kan. Búráúsà ò mọ ẹni tí wọ́n ń kí, ló bá wá a káàkiri ayé. Fọ́tò bàbá kan yọ, àbẹ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: "Alàgbà Akínwùmí ti sùn nínú Olúwa."

Madam na ọrùn wò ó. "Háà, Alàgbà! Nígbà wo lẹ kú?"

"Èmi kọ́! Orúkọ ló jọra! Dọ̀tun, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́!"

Alàgbà fúnra ẹ̀ jókòó. Ìka kan náà ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó wá "w" títí, bí ẹni tí ewúrẹ́ ẹ̀ sọnù.

Gbuu.

Dọ̀tun bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Sà, ẹ jẹ́ n dá 'akin' padà, kò ní pẹ́..."

"Lójú oníbàárà?"

Fùrùrù! Móòtì tán. Madam gbé ìgò kalẹ̀, gbà! Ó gbé báàgì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Alàgbà, tíná bá mú ṣòkòtò yín, ṣáwọn ọmọ yìí á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí yín tán kí wọ́n tó bomi pa á?"

Dọ̀tun wòkè. Èmi ń wá bírò.

Alàgbà wo ṣòkòtò ẹ̀.