Okùn Méjì Lọ́wọ́ Akíntìmẹ́yìn

Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà létí ọ̀sà wa máa sọ pé, "Ẹni tó so okùn méjì mọ́ ọwọ́ kan, kó má bèèrè ohun tó ń fà á"? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mi orí yẹn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu èèyàn lẹ ti ń gbọ́ ọ. Ẹ fara balẹ̀, kí n tò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Apẹja kan wà ní Èbúté Àgbọn tó ń jẹ́ Akíntìmẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Ibídùn, òun sì ni kí ẹ bá mi káàánú nínú ìtàn yìí, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí dáadáa, á ní òun fẹ́ kó máa ṣí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó bá Ibídùn tún àdògán ṣe, gàrí ni gbogbo ilé ń mu títí wọ́n fi ra àdògán mìíràn.

Ẹ̀ńjìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń lọ́ ọwọ́ rẹ̀ bíi ti ọ̀kadà. Bí Akíntìmẹ́yìn bá fẹ́ fa ìwọ̀ kiri, á ju ìwọ̀ sẹ́yìn, ọkọ̀ á máa rọra fà á lọ, kí ẹja ńlá lè rò pé ẹja kékeré ló ń sá. Ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ńjìnnì ló gbọ́dọ̀ jókòó sí kó tó lè ṣe é, ohun tó sì ń bí i nínú nìyẹn. Ó ní gbígbọ̀n ẹ̀ńjìnnì kì í jẹ́ kí òun mọ ìgbà tí ẹja bá tọ́ ìwọ̀ wò.

Ló bá dá àrà kan. Ó wé okùn ọ̀rá mọ́ ọwọ́ ẹ̀ńjìnnì náà, ó fa okùn ọ̀hún gba àárín ọkọ̀ lọ síwájú, níbi tó fẹ́ máa jókòó sí. Bó bá fa okùn níwájú, ẹ̀ńjìnnì á sáré lẹ́yìn. Bó bá dẹ̀ ẹ́, rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì á dá a padà, ẹ̀ńjìnnì á rọra. Ibídùn ni yóò máa fi àjẹ̀ darí ọkọ̀ láti àárín. N ò ní purọ́ mọ́ ọn: nǹkan náà ṣiṣẹ́. Ìyẹn gan-an ló sì fa wàhálà, torí ká ní kò ṣiṣẹ́ ni, ì bá ti jáwọ́.

Àsìkò yìí ni Tinúadé, ọmọ wọn obìnrin, bímọ sílé ọkọ rẹ̀ ní Òkè-Odò, lódìkejì ọ̀sà. Àṣà ibẹ̀ ni pé bàbá ìyá ọmọ ló ń mú ẹja ààyè tí wọ́n máa fi ṣàdúrà fún ọmọ wá síbi ìsọmọlórúkọ. Bí kò bá mú un dé kí oòrùn tó ga, ilé ọkọ á lo tiwọn, wọ́n á sì máa fi bú ìyá ọmọ títí ayé: "Ìwọ tí bàbá rẹ ń gbé inú omi, ẹja àwa la fi sọ ọmọ rẹ lórúkọ." Ibídùn mọ ẹnu àwọn ará Òkè-Odò. Kò fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ òun fi ṣẹ̀sín.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ó ní kí ọkọ òun lọ gba àrọ̀ ààyè kan lọ́wọ́ aládùúgbò.

"Kí n gba ẹja? Èmi?" ni Akíntìmẹ́yìn wí. "Ojú ọ̀nà la ti máa pa á. O ò tíì rí iṣẹ́ okùn mi."

"Bàbá Tinú, bí ẹja ò bá wá ńkọ́?"

"Á wá. Ẹja mọ̀ pé à ń kánjú ni?"

Ibídùn yíjú sí aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ti sú u.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n wọ aṣọ ìsọmọlórúkọ, wọ́n wọkọ̀. Akíntìmẹ́yìn gbé agbádá jókòó síwájú bí ọba. Ó so okùn ẹ̀ńjìnnì mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó ju ìwọ̀ sómi, ó sì so okùn ìwọ̀ náà mọ́ ọwọ́ ọ̀tún yẹn kan náà.

"Bàbá Tinú, okùn méjì mọ́ ọwọ́ kan?"

"Ẹja tá a fẹ́ fi sọ ọmọ lórúkọ, ṣé ọwọ́ òsì lo fẹ́ kí n fi gbà á?"

"Ẹ so ti ẹ̀ńjìnnì mọ́ ọwọ́ òsì nígbà náà."

"Ọwọ́ òsì ló ń di fìlà mú."

"Ẹ ṣí fìlà."

"Kí n gborí òfìfo délé àna? Ìyá Tinú, tukọ̀, jàre!"

Wọ́n dé àárín ọ̀sà, ẹja ò wá. Wọ́n ń rí igi àgbọn Òkè-Odò lọ́ọ̀ọ́kán, ẹja ò wá. Oòrùn ti ń gòkè. Ibídùn ti ń ro ohun tó máa sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí Akíntìmẹ́yìn pariwo pé, "Ó ti gbé e!"

Ó fa ìwọ̀ náà pẹ̀lú agbára.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọwọ́ tó fi fa ẹja, ọwọ́ yẹn náà ló fi fa ẹ̀ńjìnnì. Ẹ̀ńjìnnì ké gbìrìrì, ọkọ̀ fò síwájú. Bí ọkọ̀ ṣe ń sá síwájú, bẹ́ẹ̀ ni okùn ìwọ̀ ń le sí i lẹ́yìn. Bó ṣe ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ni Akíntìmẹ́yìn ń fi gbogbo ara fà á.

"Háà! Ẹja yìí tó màlúù!"

"Ẹ̀ńjìnnì lẹ̀ ń fà!" ni Ibídùn kígbe. "Ẹ dẹ ọwọ́ yín!"

"Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ẹja á bọ́!"

"Bí ẹ ò bá dẹ̀ ẹ́, a ó kú!"

"A kì í kú lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ!"

Atẹ́gùn gbé fìlà lọ. Ibídùn ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òsì ti ṣófo, kó fi tú ọ̀kan nínú okùn. Ṣùgbọ́n ìdè náà ti le bí òkúta, èékánná ò ràn án. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ṣìnà, apẹja ẹgbẹ́ Akíntìmẹ́yìn, tó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó fẹ́ ju àwọ̀n. Ìgbì tí wọ́n dá sílẹ̀ gbé òun àti àwọ̀n rẹ̀ jù sómi.

"Akíntìmẹ́yìn! Ta lò ń sá fún?"

"Ẹja ni mò ń fà!"

"Irọ́ ni! Ìwọ ni wọ́n ń fà!"

Ibídùn ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ. Okùn méjèèjì ló gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọ̀rá aláwọ̀ búlúù kan náà sì ni wọ́n, torí ibi kan náà lọkọ rẹ̀ ti gé wọn.

"Èwo ni ti ẹja?"

"Èyí tó ń fà ni!"

"Méjèèjì ló ń fà!"

Ó gbé ọ̀bẹ lé ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀ńjìnnì ni, wọ́n yè. Bó bá jẹ́ ti ẹja ńkọ́? Ó wo èbúté tó ń sáré bọ̀ wá bá wọn. Ó rí àwọn àna tó dúró síbẹ̀, ó rí Tinúadé tó gbọ́mọ sáyà. Ó gbé ọ̀bẹ kúrò, ó di etí ọkọ̀ mú, ó sì di ojú.

Ọkọ̀ gun ẹrẹ̀ lọ sókè. Ọkọ̀ dúró, okùn ẹ̀ńjìnnì já, Akíntìmẹ́yìn ò dúró. Ó fò kọjá lórí àwọn tó wá pàdé rẹ̀, ó forí la ògiri imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi yí ibi ìjókòó ká, ó sì balẹ̀ gbalaja níwájú Pàápá Ẹgbẹ́yẹmí, olórí ilé náà. Ó dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Gbogbo ilé figbe ta. Bàbá ìyàwó dọ̀bálẹ̀ fún ilé ọkọ? "Èèwọ̀! Àna wa, ẹ dìde! Àwa ló yẹ ká dọ̀bálẹ̀ fún yín!" Pàápá Ẹgbẹ́yẹmí fúnra rẹ̀ da ọ̀pá nù, ó dọ̀bálẹ̀. Tàgbà tèwe ilé ọkọ wó lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun. Akíntìmẹ́yìn ò sì lè dìde kí wọ́n lè dìde, torí okùn ìwọ̀ ti há mọ́ ọkọ̀, ó sì dè é lọ́wọ́ mọ́lẹ̀.

Ibídùn ló sọ̀ kalẹ̀, tó gé okùn lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì rọra fa ti ìwọ̀ wá sílẹ̀. Wọ́n ń retí ẹja tó tó màlúù. Epìyà kan ló jáde, kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ó ń mí. Wọ́n sáré jù ú sínú abọ́ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ yípo.

"Wọ́n ní kí bàbá ìyá ọmọ mú ẹja ààyè wá," ni Ibídùn wí, ó ń wo àwọn àna lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹja ààyè rè é. Ta ló lọ́rọ̀ sọ?"

Pàápá Ẹgbẹ́yẹmí nu ẹrẹ̀ lójú, ó gbé abọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Orí ni ẹja fi ń la ibú já. Ìwọ ọmọ yìí, orí rẹ ni wàá fi la…" Ojú rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sórí Akíntìmẹ́yìn, tí imọ̀ ọ̀pẹ há sí nírun. Ẹ̀rín gba àdúrà mọ́ baba náà lẹ́nu. Tinúadé rẹ́rìn-ín títí ó fi gbọ́mọ fún ẹlòmíràn.

Akíntìmẹ́yìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ẹja, ó ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ló wí. "Ẹja tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Kí ló wá ń fà mí tó bẹ́ẹ̀?"

Ibídùn fún omi lára ìró rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni wo àdògán tó fọ́, ó ní:

"Bàbá Tinú, ẹni tó so okùn méjì mọ́ ọwọ́ kan, kó má bèèrè ohun tó ń fà á."