Ẹ̀rọ Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tó Ti Òkè Òkun Wá

Bí mo bá darúgbó dé ibi tí màá ti máa béèrè orúkọ ara mi lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi, ọ̀sán Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ náà ni ọtí àgbàdo tí à ń pè ní ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wẹ díákónì ìjọ wa láti orí dé ẹsẹ̀ nínú pálọ̀ mi ní Ẹdẹ. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí ojú ṣì ń tì mí díẹ̀.

Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Màámi ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Nígbà tí agbára wà, kò sí ẹni tó mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pọn tó wọn ní àdúgbò wa. Ẹ má rò pé ọ̀mùtí ni wá o, onítẹ̀bọmi ni wá. Ọjọ́ kejì tí wọ́n bá pọn ọ́n la máa ń mu ún, nígbà tó ṣì dùn bí omi ìrèké, tí kò tíì lè ti ènìyàn ṣubú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo gbọ́ tí nǹkan fọ́ gbàgà lẹ́yìnkùlé. Màámi ló fẹ́ gbé ìkòkò amọ̀ wọn, ọwọ́ tí oríkèé ń dùn kò sì gbà á mọ́. Mo bá wọn lórí àpótí, wọ́n ń wo ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń wo ọmọ tó dójú tini.

"Ọwọ́ yìí ti fẹ̀yìn tì," ni wọ́n wí, "kò sì sọ fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti dín lẹ́nu wọn. Wọn á jẹun, wọn á gbàdúrà, wọn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó parí. Ó ká mi lára. Mo wá pinnu pé màá ra ohun tí Màámi á fi máa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láìgbé ohunkóhun.

Ẹ ní láti mọ̀ pé tíṣà físíìsì ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa iná mànàmáná, àti nípa ohun tí afẹ́fẹ́ máa ń ṣe bí a bá há a mọ́ ibì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ìtìjú mi ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ní oríta Sẹkọ́nà, obìnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kúdí. Òun ni alágbàtà tó ń kó ìkòkò ńlá, kẹ́ẹ̀gì, asẹ́ àti dírọ́ọ̀mù onítápù wá fún àwọn tó ń ṣe sóbò, kùnú àti ọtí ọkà ní gbogbo agbègbè wa. Òun fúnra ẹ̀ kì í fi ọtí kan ètè, Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni. Ó máa ń sọ pé òun kì í bi ìkòkò léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sè nínú ẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó gbá ẹ̀gbẹ́ dírọ́ọ̀mù kan, ó dún gbọ̀ngbọ̀n.

"Tíṣà, ẹ wò ó. Ó nípọn, kì í tètè jó nídìí. Bí tápù ẹ̀ bá bàjẹ́, ẹ gbé e wá, mo máa pààrọ̀ ẹ̀ lójú yín."

Mo fi ìka kan ṣoṣo kan dírọ́ọ̀mù náà, bí ẹni tí kò fẹ́ kó ràn án. "Ìyá Kúdí, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Mo ti rí èyí tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ lórí fóònù. Òkè òkun ló ti ń bọ̀."

Mo fi àwòrán ẹ̀ hàn án. Irin tó ń dán gbinrin, iná pupa, iná búlúù, nọ́ńbà lójú ẹ̀ bí aago. Ó wò ó dáadáa.

"Ó rẹwà o. Ṣùgbọ́n tára ẹ̀ ò bá yá, ta ló máa bá yín wò ó?"

"Ara ẹ̀ kì í le kó má yá," ni mo dá a lóhùn. Títí di òní, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo sanwó lórí fóònù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Fóònù ní ẹrù mi wà lórí òkun. Ó tún ní ó ti dé Èkó. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ti padà sí ìlú tó ti ń bọ̀.

"Bóyá ó gbàgbé nǹkan sílé ni," ìyàwó mi wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

Lóṣù kẹta, wọ́n pè mí láti Òṣogbo pé kí n wá gbé e. Mo gbé páálí náà lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò títí dé Ẹdẹ, mi ò gbà kí awakọ̀ gbé e sí búùtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rí ọ̀nà, tí ẹni tó jókòó tì mí náà ò sì rí ibi mí. Nígbà tí a dé ilé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i bí ẹni ń bó àlùbọ́sà: páálí, fóòmù, páálí, ọ̀rá, fóòmù. Kí a tó kan ẹ̀rọ náà, ó ti kéré sí ìdajì ohun tí mo rò. Ṣùgbọ́n ó ń dán.

Màámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. "Ó tutù. Ibo lèèyàn ti máa ń rò ó?"

"Ẹ ò ní rò ó, Màámi. Òun ló máa ṣe gbogbo ẹ̀."

"Kí lèmi wá fẹ́ máa ṣe?"

"Ẹ máa sinmi."

Wọ́n padà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ìyanu ló gbà wọ́n lẹ́nu. Ẹ ò rí i pé mo gọ̀.

Ìwé tó bá a wá, èdè tí ẹnikẹ́ni nílé mi ò gbọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ra ohun tí ẹnu wáyà ẹ̀ á fi bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu, mo tì í bọ̀ ọ́. Iná pupa tàn. Iná búlúù tàn. Mo pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan jáde bí ìgbà tí wọ́n ń jó irun ewúrẹ́, èéfín tẹ̀ lé e, gbogbo iná sì kú pátápátá. Ẹni tó ń tún iná ṣe ládùúgbò wa ṣí ìdí ẹ̀, ó sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ sókè. Ìdajì agbára iná tiwa ni ẹ̀rọ náà lè gbà. Ó wò mí. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní físíìsì ní kíláàsì kẹrin, sà?" Mo ní kó máa lọ, pé mo ní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó tà á. Wọ́n pè mí ní ọ̀rẹ́ wọn ọ̀wọ́n, wọ́n ní kí n dá a padà sọ́dọ̀ wọn, àwọn á fún mi ní tuntun. Owó tí màá fi dá a padà ju owó tí mo fi rà á lọ.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá ti jókòó jẹ́jẹ́. Èmi ò jókòó. Mo ní bí kò bá lè sè é, kò burú, a ó sè é lórí gáàsì, a ó wá dà á sínú ẹ̀ kó lè kan níbẹ̀, ó ṣáà ní ìdérí tó le. Mo ra àgbàdo tó ti hu, tí wọ́n ti sá, tí wọ́n sì ti lọ̀. Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo dà á sínú ẹ̀rọ, mo dé e pinpin. Lórí ìdérí náà, mo rí ihò kékeré kan. Èmi tíṣà físíìsì wo ihò náà, mo ronú nípa eèrà àti aáyán, mo sì fi rọ́bà àti téèpù dí i gbọn-in-gbọn-in. Mo gbé e sórí tábìlì pálọ̀ kí gbogbo ayé lè máa rí i.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sátidé. Lọ́sàn-án, díákónì wa àti àwọn ìyá ìjọ méjì wá kí Màámi. Díákónì wọ dàǹdóógó funfun. Lẹ́yìn ìkíni, a dìde fún àdúrà. Láàárín àdúrà ni mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń mí, tí ó ń ṣe fíì, fíì, bí ológbò tó ń bínú. Mo la ojú kan. Ìdérí náà ti wú sókè bí àkàrà nínú epo gbígbóná.

"Olúwa," díákónì ń ké, "jẹ́ kí agbára rẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ilé yìí!"

Gbàù!

Ìdérí lọ kan àjà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Ìyá ìjọ kan ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù, ìkejì ti wà ní ojúde láìwọ bàtà. Díákónì dúró gbọn-in-gbọn-in láàárín pálọ̀, fóòmù lórí fìlà, fóòmù lójú, ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà lókè. Ó rọra fi ahọ́n lá ètè ẹ̀.

"Kí lèyí, tíṣà?"

"Omi àgbàdo ni, sà."

Ó tún un lá. "Omi àgbàdo yìí ti pẹ́ lọ́nà o."

Ìgbà yẹn la gbọ́ ẹ̀rín. Màámi ni. Wọ́n di ìbàdí mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń ṣàn lójú wọn, èyí tí a ò rí láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi. Díákónì wò wọ́n, òun náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì parí àdúrà ẹ̀ pẹ̀lú fóòmù lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, tí a sì nu ilẹ̀ tán, Màámi tún padà sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba Sẹkọ́nà lọ. Ìròyìn ti dé ṣáájú mi. Ìyá Kúdí ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fa àga fún mi.

"Tíṣà, ta ló tiẹ̀ fẹ́ lò ó gan-an?"

"Màámi ni."

"Háà! Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ lẹ ní ẹ ń wá, ẹ ò dárúkọ èèyàn."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ó tẹ̀ lé mi délé. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Màámi, ó gba ọwọ́ wọn, ó ń bi wọ́n léèrè ìka kọ̀ọ̀kan, èwo ló ń dùn, èwo ló ṣì ń ká. Ó fi okùn wọn ibi tí orúnkún wọn ga dé bí wọ́n bá jókòó. Ó béèrè bí asẹ́ tí wọ́n ń lò ṣe máa ń fẹ̀ tó. Màámi sọ ọ́. Wọ́n tún sọ bí àgbàdo ṣe ń hu lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti irú èyí tó dára jù nínú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Alájùé. Láàárín wákàtí kan, wọ́n sọ̀rọ̀ ju èyí tí wọ́n bá mi sọ láàárín oṣù mẹ́rin. Èmi dúró lẹ́yìn wọn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ náà. Àwọn tó wà lókè òkun mọ àdírẹ́sì mi, wọ́n mọ nọ́ńbà mi, ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa mọ gíga orúnkún ìyá mi? Kí n má purọ́, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Mo ti ń ra ìsinmi fún ẹni tó ń wá iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dírọ́ọ̀mù dé pẹ̀lú ohun tí a ó gbé e lé, tó ga dé orúnkún Màámi. Tápù ẹ̀ ní apá gígùn tí èèyàn lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì ṣí. A dáná igi lẹ́yìnkùlé. Èmi ń pọnmi, èmi ń rò ó, Màámi ń pàṣẹ láti orí àga.

"Rò ó dénú! Ṣé bébà lo ń kọ ni? Iná yẹn ti pọ̀ jù. Ta ló kọ́ ọ ní iná dídá?"

Iná náà pọ̀ jù lóòótọ́. Ìdí ẹ̀ jó díẹ̀, mo sì rọra panu mọ́. Lọ́jọ́ kejì, Màámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti tápù, ife kún. Wọ́n nà án sí apá ọ̀tún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bàbá mi ló máa ń tọ́ ife àkọ́kọ́ wò. Ọwọ́ wọn dúró níbẹ̀. Mo kúrò níbi tí mo wà, mo kúnlẹ̀ sí apá ọ̀tún yẹn, mo gba ife náà, mo mu ún tán.

Ó korò bí èédú.

"Ó dùn, Màámi," ni mo wí.

"Irọ́ ni," ni wọ́n fèsì. "Ó jó. Bí bàbá rẹ náà ṣe máa ń purọ́ nìyẹn." Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú ẹnu kíkorò. Wọ́n sì ti tápù náà, wọ́n bu ife kejì fún mi.