Odó Màámá Tí Mo Sọ Di Èédú

Ọjọ́ tí mo fi odó ìyá ìyá mi ṣe èédú nítorí máàkì kẹ́mísìrì kò tíì kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó wá bá mi parí rẹ̀.

Ọdún kan péré ló kù kí n jáde girama. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Màámá, ni mo ń gbé ní Òkè-Ìlá ní Adó. Màámá ti ṣubú lẹ́bàá kànga, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn sì ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń jẹ pọ́ńdò, ìyẹ̀fun iṣu inú ọ̀rá, àwa ọmọ Èkìtì! Bí mo bá ti rò ó tán, Màámá á bu òkèlè kan, wọ́n á wò ó yí ká.

"Èyí náà ń gbìyànjú," wọ́n á ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá jinná, inú odó ọkọ mi ni n ó ti gún uyán, ùwọ ni o ó sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Bàbá àgbà ló fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ odó ìrókò náà lọ́dún tí wọ́n fẹ́ Màámá. Mo máa ń fi ẹnu ṣe àmín. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti pinnu pé ọwọ́ arúgbó tó ti ṣẹ́ kò tún lè gún iyán mọ́ láyé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà kẹ́mísìrì wa kọ́ wa nípa àwọn nǹkan inú ayé tó ń tán lọ. Ó ní èédú ń run igbó, kí kálukú wá ohun tí a lè fi rọ́pò igi, kó sọ ọ́ di èédú, kó gbé e wá ní Mọ́ńdè. "N kò fẹ́ rí igi tútù kankan tí ẹ gé o!" Àwọn ẹgbẹ́ mi wá èèpo kòkó àti èèpo ẹkùrọ́. Èmi gbàgbé pátápátá. Nígbà tó di Sátidé, mo sáré lọ sí Fájuyì láàárín ìlú, mo ń bèèrè èèpo kòkó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta bàtà. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi dé etí títì.

Màámá ti lọ kí àbúrò wọn ní ìlú Ìyìn. Bí mo ṣe wọlé lọ́wọ́ òfo, ojú mi bọ́ sára odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Gbogbo ọmọ Èkìtì ló mọ̀ pé odó tí a dojú dé ń sinmi ni, nítorí òjò àti adìẹ. Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ro ó bíi lọ́yà: tíṣà kò fẹ́ igi tútù, wọ́n sì ti gé igi yìí kí wọ́n tó bí ìyá mi. Ta ni yóò mú mi?

Mo gbé àáké, mo ń la odó náà, ni àáké bá yọ lẹ́rùkú, ó fò bọ́ sínú ẹ̀fọ́ nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ fara ti tiwa. Mo bẹ̀ ẹ́, mo gbà á padà. Mo kó igi sínú àgbá kan, mo dáná sí i, mo bò ó bí ìwé ṣe wí. Èéfín sì bo àdúgbò, títí kan yunifọ́ọ̀mù funfun mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì sá.

"Ulé ń jó o! Ulé ń jó!" Ó gbé korobá omi ọṣẹ dé. "Ùwọ ọmọ yìí, ṣé ulé-ùwé ní kó o sun wá mọ́lé?"

"Kẹ́mísìrì ni, mà."

Èmi ni mo tún yunifọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ̀.

Ní Mọ́ńdè, tíṣà finá sí èédú mi. Ó pọ́n fòò, kò rú èéfín. Kíláàsì pàtẹ́wọ́, mo ń tẹríba bí olóṣèlú.

"Kí lo fi ṣe é?"

"Odó àtijọ́, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rín. "Tí èyí bá jó tán, níbo lo ti máa rí òmíràn?"

 Kò fún mi ní máàkì kankan.

Mo gbé èédú tó kù nínú àpò délé. Màámá ti dé, wọ́n dúró lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ti tú báńdéèjì ọwọ́ wọn. Iṣu ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Ọmọ mi, odó mi dà?"

Mo fẹ́ ní olè ló gbé e. Ṣùgbọ́n àpò wà lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo da èédú náà síwájú wọn, mo sì jẹ́wọ́.  Màámá fi ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná mú ẹyọ kan, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sunkún. N kò rí ẹkún wọn rí.

"Mo ń ka ọjọ́ ni," wọ́n ní. "Mo fẹ́ gún un fún ọ."

Wọ́n ti iṣu náà sọ́dọ̀ mi. "Dáná."

Èédú odó náà la fi sun iṣu yẹn. Kò sí ibi tó jó lára rẹ̀ rárá. "Wò ó," Màámá ní, tomijé tomijé, "igi gidi ni ọkọ mi gbẹ́." Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rín, ikun ń dà nímú mi.

A ra odó mìíràn ní àdúgbò Adébáyọ̀. Igi rẹ̀ rọ̀, èérún igi kún inú iyán àkọ́kọ́. Màámá dojú rẹ̀ délẹ̀, wọn kò sì gún iyán mọ́ títí wọ́n fi kú. Ohun tí mo kọ́ kò sí nínú ìwé kẹ́mísìrì: kí ọwọ́ Màámá tó jinná ni mo ti wá pọ́ńdò fi rọ́pò iyán wọn nínú ọkàn mi, n kò bi wọ́n léèrè. Èédú kan ṣẹ́kù, ó wà lórí pẹpẹ mi. Àwọn ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ẹyọ èédú kan ṣoṣo ṣe?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń nu ojú mi, mo máa ń ní èéfín ni.