Ẹlẹ́rìí Áàpù Méjìdínlógójì

Ọ̀gá Ìgbàlódé, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ti dá ọjà sílẹ̀. Kì í ṣe ọjà tí à ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ o. Inú fóònù ni ọjà náà wà, áàpù ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, àwòrán Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà, láti orí irunmú tí wọ́n gé bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n títí dé orí bàtà.

Ẹni tó bá ti mọ ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀ kò ní ṣe háà. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ní, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe, síbẹ̀ ó kọ "Olú Iléeṣẹ́" sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Akọ́dà sikirini! Ọkọ bátìrì! Baba ṣájà! A-tú-fóònù-má-lè-tún-un-dì! Oríkì mẹ́ta àkọ́kọ́, òun ló fún ara rẹ̀. Ìkẹrin, àwọn oníbàárà ló fi kún un.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn ṣá, ẹjọ́ tó gbé wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjà àgbà, èyí tó máa ń bá fóònù wá láti iléeṣẹ́, kò rọrùn fún àwọn tó ń ṣe áàpù kéékèèké. Ó ń bù nínú èrè wọn, ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn láì sọ ìdí. Agbẹ̀bí kan wà ládùúgbò tó ṣe áàpù tó ń ka ọ̀sẹ̀ oyún fún àwọn aboyún, tó sì ń fún wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò wá sí ilé ìwòsàn. Oṣù mẹ́rin ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà àgbà, bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Ìyẹn ni Ọ̀gá gbọ́ tó fi lu àyà. "Ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí áàpù tuntun wọ́."

Àgbà náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n kọ. Ọmọbìnrin náà gbé kọ̀ǹpútà lé orí àpótí kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn fóònù tó ti kú tí wọn kò tíì sin, ó sì fi oṣù méje kọ ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀gá ṣèlérí pé orúkọ rẹ̀ yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, orúkọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Abẹ́ bàtà Ọ̀gá ló wà nínú àwòrán, àwọ̀ eérú lórí eérú.

Ìṣòro kan ló kù. Ènìyàn kì í ṣàdédé gba nǹkan sórí fóònù láti ibi tí kò mọ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ á máa pariwo pé kí olúwa rẹ̀ ṣọ́ra. Àbúrò ìyàwó ro ọ̀rọ̀ náà lọ, ó rò ó bọ̀, ó ṣe àmì kan tó pè ní Ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá ti lo áàpù kan lè fi àwòrán ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ pé, "Mo ti lò ó, ó sì ṣe mí láǹfààní." Ṣùgbọ́n ọjà kò ní gba ẹ̀rí náà àfi bí onítọ̀hún bá ti ṣí áàpù náà lórí fóònù tirẹ̀, tó sì fi orúkọ gidi dáhùn gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀.

"Kí irọ́ má bàa ráyè wọlé ni, Ẹ̀gbọ́n," ó ní.

Ojú Ọ̀gá tàn. "Ẹlẹ́rìí mélòó la nílò fún áàpù kan?"

"Ẹnì kan téèyàn lè fọkàn tán náà ti tó."

"A ti rí i."

"Ta ni?"

"Ta ló tún kù?"

Bó ṣe di ẹlẹ́rìí gbogbo áàpù nìyẹn. Kò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti búra pé ọjà òun kò ní bù nínú èrè ẹnikẹ́ni, ó sì pa ìbúra náà mọ́. Owó ẹnu nìkan ló ń gbà, ẹnu rẹ̀ sì wọ́n. "Ó dára" ní iye tirẹ̀, "ó dára púpọ̀" ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ "ó yí ìgbésí ayé mi padà", kó lọ yá lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí.

Áàpù méjìdínlógójì ló wọlé. Ọ̀sán Sátidé kan, lórí àga onígbàjámọ̀, nígbà tí wọ́n ń tún irunmú ṣe, ni Ọ̀gá dáhùn ìbéèrè gbogbo wọn tán. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń sáré lójú fóònù bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbà. Bẹ́ẹ̀ ni.

Àbúrò ìyàwó tó mú ṣájà wá fún un wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa kà á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́."

"Àbúrò, ṣé ẹni tó ni odò ló ń jókòó ka omi?"

"Àwọn áàpù yìí máa gbà yín gbọ́ o."

"Ohun tá a ń wá náà nìyẹn!"

Onígbàjámọ̀ ń yọjú wo fóònù náà láti ẹ̀yìn. Abẹ ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó tún máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọjọ́ ìṣíde pé. Gbọ̀ngàn tó wà lókè ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n lò. Ẹni tí gbogbo ojú ń wò ni Ìyá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù fóònù, màmá kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ìwé kan wà nínú fáìlì níwájú rẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí i, ọgọ́ta ṣọ́ọ̀bù yóò máa fi ọjà Ọ̀gá sínú gbogbo fóònù tí wọ́n bá tà. Bí kò bá fọwọ́ sí i, oṣù méje àbúrò ìyàwó ti bá omi lọ nìyẹn.

Ọ̀gá wọ kóòtù funfun, ṣòkòtò funfun, bàtà funfun. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló rán kóòtù náà, iwájú ló sì jókòó sí kó lè rí bó ṣe dúró lára. Ọ̀gá so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì láàárín gbọ̀ngàn, ó bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa! Ọjà àgbà ń gba áàpù wọlé láì mọ ìdí ẹ̀. Èmi kọ́! Áàpù tí mi ò bá kọ́kọ́ fi ara mi lò, kò gbọdọ̀ wọ ọjà mi. Méjìdínlógójì rèé! Ara mi yìí ló kọ́kọ́ gba gbogbo ẹ̀!"

Aago mọ́kànlá lù, ọjà ṣí. Bí ọjà sì ṣe ṣí, gbogbo áàpù tó ti ń dúró dè é jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kí àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló forúkọ sílẹ̀.

Fóònù dún. Lẹ́tà gàdàgbà yọ lára ògiri: ỌMỌ DÁADÁA! O TI GBA ÌRÀWỌ̀ KAN. LÓNÌÍ, A Ó KỌ́ LẸ́TÀ B.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá náà bá wọn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ ò lópin," ó ní.

Fóònù tún dún: ṢÉ IBÙSÙN GBẸ LÁÀÁRỌ̀ YÌÍ? BÍ KÒ BÁ GBẸ, MÁ SUNKÚN, SỌ FÚN MỌ́MÌ.

Gbogbo orí yí sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. "Ó gbẹ," obìnrin náà dáhùn jẹ́jẹ́. "Mo fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀kẹta ló wá burú: OPÓ WA Ọ̀WỌ́N, Ẹ KÚ ÀRÁFẸ́RAKÙ. ÈÈYÀN MẸ́TA TI RÍ ÀWÒRÁN YÍN, WỌ́N Ń BÉÈRÈ YÍN FÚN ÌGBÉYÀWÓ.

Télọ̀ dìde. "Baálé mi, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyàwó mi."

"Wọ́n ní opó ni yín. Ìgbà wo ni mo kú? Ta ló wá rán kóòtù ọrùn yín yẹn, òkú ni?"

Ó yẹ kí Ọ̀gá sáré lọ yọ wáyà. Ògiri ló sáré lọ dí. Ó na apá méjèèjì, ó fi gbogbo ara bo ibi tí ọ̀rọ̀ ń hàn sí. Ó gbàgbé pé funfun ni kóòtù, bí ògiri. Ọ̀rọ̀ tí kò ríbi jókòó sí mọ́ wá jókòó sórí ikùn rẹ̀.

Fóònù dún. Lórí ikùn Ọ̀gá Ìgbàlódé, gbogbo gbọ̀ngàn kà á sókè: Ẹ KÚ ORÍIRE, ÌYÁ ỌLỌ́MỌ! OYÚN YÍN TI PÉ Ọ̀SẸ̀ MẸ́RÌNLÁ. ÌBEJÌ NI.

Ilé dàrú. "Ẹ gbé àga fún Ìyá Ìbejì!" ẹnì kan kígbe. "Ọ̀gá, ẹ má dúró pẹ́, ẹsẹ̀ á wú!"

Ìyá Alága gbọ́wọ́ sókè títí ariwo fi rọlẹ̀. "Ọ̀gá, ìbéèrè kan péré. Ẹ lẹ́ ẹ fi ara yín lo gbogbo ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Bó bá ní rárá, ẹ̀rí méjìdínlógójì di irọ́, ìwé kò sì ní rí ìfọwọ́sí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà ẹ wo ikùn rẹ̀. Ọ̀gá gbé àgbọ̀n sókè.

"Mo lò ó."

"Tó fi mọ́ ti aboyún?"

"Tó fi mọ́ ọn."

Agbẹ̀bí náà dìde láti ẹ̀yìn. "Ṣé èébì máa ń gbé yín láàárọ̀?"

"Tàárọ̀ yìí ṣá," Ọ̀gá dáhùn, "ó ń gbé mi."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ agbẹ̀bí kò bá wọn rín in. "Ẹ gbọ́. Aboyún mẹ́wàá ni mo lè rí lọ́jọ́ kan. Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ti kún, mo sì ti dá obìnrin kan padà lánàá, ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. A rí orúkọ kan tí áàpù ti kọ sínú ìwé láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ni! Orúkọ gidi yín ni, ta ló mọ̀ ọ́n?"

Láti ọjọ́ tí Ọ̀gá ti ń sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kò rí òwe kankan mú.

"Mi ò kà á," ó ní. "Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"Ẹ̀rí òótọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ jẹ́ láti àárọ̀ nìyẹn," Ìyá Alága wí. Ó pa fáìlì dé. "Ta ló kọ ọjà yìí gan-an?"

"Àbúrò mi ni," télọ̀ dáhùn. "Orúkọ ẹ̀ wà lábẹ́ bàtà ọkọ mi."

Ìyá Alága gbé awò sójú, ó tẹ̀ síwájú, ó wá orúkọ náà lẹ́nu ọ̀nà ọjà lórí fóònù títí ó fi rí i. "Ìwọ lo ṣòfin pé ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fi orúkọ gidi dáhùn?"

"Èmi ni, mà."

"Òfin yẹn ló mú un. Ọjà tó lè mú ẹni tó ni í, mo lè fi sínú fóònù ọmọ mi. Pa àwọn ẹ̀rí yẹn rẹ́, kí wọ́n dá owó olówó padà. Yọ àwòrán yẹn kúrò, gbé orúkọ ẹ sókè, kí n fọwọ́ sí i."

Ọmọbìnrin náà wo Ọ̀gá. "Ṣé kí n yọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀gá wo ògiri, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Yọ ọ́." Ó fọwọ́ kan irunmú rẹ̀. "Ṣé irunmú nìkan ò lè dúró?"

"Yọ ọ́ tán," ni Ìyá Alága wí, ó ṣí fáìlì, ó fọwọ́ sí i.

Ti agbẹ̀bí kò tíì parí. Ó ní Ọ̀gá kò ní fi fóònù fagi lé ohun tó fi fóònù bà jẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bẹ obìnrin tí wọ́n dá padà, yóò mú un wá, yóò sì dìde fún un lórí ìjókòó tí orúkọ rẹ̀ gbà, lójú gbogbo aboyún.

Nígbà tí Ọ̀gá délé ní ìrọ̀lẹ́, télọ̀ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. "Opó," ó pè é, "ẹ wá jẹun. Òkú ló sè é."

Fóònù dún nínú àpò kóòtù. ÌṢẸ́GUN, AAGO MẸ́JỌ ÀÁRỌ̀, ÌJÓKÒÓ KEJE. Ẹ WỌ AṢỌ TÓ FẸ̀, Ẹ MÚ ÌTỌ̀ DÁNÍ NÍNÚ ÌGÒ. ṢÉ Ẹ MÁA WÁ?

Ọ̀gá Ìgbàlódé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ ẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni.