Yanrìn Tí Láwoyin Dà Sẹ́nu Ọ̀nà Àna Rẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ló sì rí tó fi sọ ọ́? Ẹ kò mọ̀. Láti kékeré lẹ ti ń pa òwe olówe kiri, ẹ kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jìyà rẹ̀. Àwọn kan á ní òwe náà ti wà kí reluwé tó dé ilẹ̀ wa. Àwọn yẹn kò sí ní Òkukù lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ní Òkukù, bàbá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Gáàdì. Iṣẹ́ reluwé ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń fi àsíá han ẹni tó ń wa ọkọ̀. Bó bá ju àsíá aláwọ̀ ewé, á ní, "Òkéè!" Ọkọ̀ á gbéra. Bó bá ju pupa, á ní, "Òkéè!" Ọkọ̀ á dúró. Ẹyọ ọ̀rọ̀ yẹn, tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti gé lórí tí wọ́n gé nídìí, ni gbogbo gẹ̀ẹ́sì tó kó bọ̀ wálé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, wọ́n gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi òkéè sílẹ̀ fún un.

Òkéè ló fi ń kí èèyàn, òkéè ló fi ń bú èèyàn. Ọbẹ̀ dùn, òkéè. Iyọ̀ pọ̀ jù, òkéè. Kò sì ṣi ará ilé rẹ̀ lọ́nà rí, torí pé ojú rẹ̀ ti di àsíá. Bó bá la ojú rẹ̀ kalẹ̀ bí ti òwìwí, dúró níbi tí o wà. Bó bá kó imú jọ, máa lọ sílé yín. Ṣùgbọ́n bí irunmú rẹ̀ bá ń gbọ̀n, inú rẹ̀ dùn nìyẹn, béèrè ohun tí o bá fẹ́.

Àwọn ọkùnrin tó ń wá tọrọ Àyọ̀ká, ọmọ rẹ̀, kò mọ èyí. Ọ̀kan wà nínú wọn tí bàbá ti lé tipẹ́, tó ṣì ń gbé ẹran ọdún wá, torí kò mọ̀ pé wọ́n ti lé òun.

Ó wá kan Láwoyin, ọmọkùnrin tó ń wa típà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó yanrìn. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá rẹ̀ fún un pọ̀ díẹ̀ jù. Àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí Láwoyin gbójú sókè. Bó bá ti dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Gáàdì, imú rẹ̀ á kanlẹ̀, ibẹ̀ ni á ti ṣe gbogbo ìpàdé náà títí yóò fi lọ. Fún odidi ọdún kan, bàtà bàbá nìkan ló mọ̀. Bí olè bá jí bàtà yẹn, òun gan-an ni ọlọ́pàá ì bá pè wá jẹ́rìí.

Àyọ̀ká kìlọ̀ fún un. "Láwoyin, ojú bàbá mi ni kí o máa wò."

"Kí n máa wo àgbà lójú? Èmi, ọmọ tí wọ́n kọ́?"

"Ìyàwó lo fẹ́ ni, àbí ẹ̀kọ́ ilé?"

"Méjèèjì."

"Wàá jókòó ti ọ̀kan."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá." Bàbá ní, "Òkéè." Láwoyin nà gbalaja. Ojú bàbá ń kígbe pé ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń wojú? Ó gbé ìgbẹ́ ewúrẹ́ lọ sílé lórí bùbá funfun. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣu wá. "Bàbá, ṣé kí n sọ̀ ọ́ síbí?" "Òkéè." Orí èlùbọ́ tí Ìyá Àyọ̀ká sá ló sọ̀ ọ́ lé. Ó sì ń súfèé lọ sílé. Ṣebí bàbá ní òkéè.

Nígbà tó yá, ó sú Àyọ̀ká. Ó ní, "Bàbá fẹ́ kọ́ balùwẹ̀. Lọ kó yanrìn wá, kí o sì tọrọ mi lọ́wọ́ wọn lónìí. Bí o kò bá tún mọ ohun tí wọ́n wí, má padà wá mọ́."

Láwoyin gbéra. Ó kó yanrìn wá, ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ iwájú ilé, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ọ̀fẹ́ ni mo kó o wá. Ṣé kí n dà á síbí?"

"Òkéè." Ojú bàbá ti là kalẹ̀ bí ti òwìwí. Ẹnu ọ̀nà ilé ni "ibí" yẹn.

Láwoyin dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà, ó gun ọkọ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀yìn típà sókè. Bàbá sáré bọ́ sídìí ọkọ̀. "Òkéè!" Láwoyin rí ojú rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀, ó sì yára wolẹ̀, torí kò yẹ kí èèyàn máa wo àna rẹ̀ nínú dígí.

"Òkéè! Òkéè!"

"Áà! Bàbá mà fẹ́ràn yanrìn yìí o!" Ó tún gbé e sókè sí i.

Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó wá bàtà bàbá títí, kò rí i. Yanrìn ti mu bàbá dé abíyá. Láwoyin kò mọ ohun mìíràn tí ọmọ tí wọ́n kọ́ lè ṣe, ló bá dọ̀bálẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú ti ko ojú. Ó rí ewúrẹ́ níbẹ̀. Ó rí èlùbọ́. Ó rí gbogbo ọdún náà.

"Yéè! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀!" Ló bá ń fi ọwọ́ méjèèjì wa yanrìn.

Ìyá Àyọ̀ká àti Àyọ̀ká gba ojú fèrèsé jáde. Ìyá wo ọkọ rẹ̀, ó wo yanrìn, ó rọra jókòó lé e.

"Láwoyin, má tíì wú u. Ọlọ́run á bù kún ọ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, òní ló kọ́kọ́ dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán." Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé tó ń jò.

Nígbà tó sọ tirẹ̀ tán, Láwoyin fọhùn. "Bàbá, mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Àyọ̀ká ńkọ́?"

Gbogbo ilé yíjú sí bàbá.

"Òkéè," ni bàbá wí.

Ọrùn Láwoyin ti fẹ́ tẹ̀ bó ṣe mọ́ ọn lára. Àyọ̀ká di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Má wolẹ̀! Wò ó!"

Ó wò ó. Irunmú bàbá ń gbọ̀n rìrì, yanrìn sì ń já bọ́ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Yanrìn yẹn ni wọ́n fi kọ́ balùwẹ̀. Títí di òní, bí Láwoyin bá wẹ̀ níbẹ̀, á fọwọ́ kan ògiri, á ní, "O ṣeun o." Òun náà ló sì máa ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kí gbogbo yín tó sọ ọ́ di tiyín, pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sí lára bàtà.