Alhaji Mùtàlíbù àti Ẹ̀fọn Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn

Ẹ bá mi kí Alhaji Mùtàlíbù ará Clinton nílùú òyìnbó, Adẹ́rùbẹ̀fọn, Amọ̀ọ́tán ọmọ Amọ̀ọ́tì! Kò sóhun tó ń fò lábẹ́ ọ̀run tí kò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ bi ẹ̀fọn Ìbàdàn léèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ará mọ́ṣáláṣí fẹ́ rìn nínú igbó etí odò ní Fort Washington, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa ṣíwájú wọn nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Ipò yìí ń pa Alhaji bí ebi. Ó ti ń pe ara rẹ̀ ní amọ̀nà níwájú dígí láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó wá gbé jákẹ́ẹ̀tì tuntun wọ̀, ó ń yan.

“Ẹ tẹ̀lé mi,” ló wí. “Igbó ò lè fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.”

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí kòkòrò kan fi fò dìde nínú ewé tútù. Ìyẹ́ rẹ̀ ní àbàwọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí òwú. Ó fara kan ọrùn Alhaji.

“Yéè! Baba ńlá ẹ̀fọn! Ẹ gba ọmọ yín o! Ó ti jẹ mí!”

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó ti fa oògùn ibà yọ lápò, ó gbé mẹ́rin mì láìsí omi. “Ibà ti wọlé. Ṣé ẹ rí i bí mo ṣe ń gbọ̀n?”

Humaira, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo irú kòkòrò náà mìíràn tó bà lé ewé.

“Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe ẹ̀fọn, ó kàn fara jọ ọ́ ni. Irú igbó tútù yìí ló ń gbé, inú ewé jíjẹrà létí omi lọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Kò lẹ́nu tó lè fi jẹ èèyàn.”

“Ṣé ọrùn mi ló wá ń purọ́? Ó ṣì ń gún mi báyìí! Wá wò ó!”

Humaira tọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ́là jákẹ́ẹ̀tì Alhaji. Páálí iye owó tí ṣọ́ọ̀bù so mọ́ ọn, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ló fà jáde.

Mọ̀ríámọ̀ ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ bojú. “Mo ní kẹ́ ẹ já a, Bàbá Sufyan. Ẹ ní ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ máa dá jákẹ́ẹ̀tì padà fún ṣọ́ọ̀bù.”

Ẹ̀rín bẹ́! Lèmọ́mù pàápàá di igi mú. Ojú ti Alhaji débi pé ẹ̀rín ara rẹ̀ gan-an ló ń pa á.

Nígbà tí Lèmọ́mù béèrè ẹni tí yóò ṣíwájú, ọwọ́ Alhaji ló kọ́kọ́ nà sókè.

“Ẹ fi Humaira jẹ amọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ṣe é ká lọlé,” ló wí, ó ń họ ikùn, ó ń họ ẹ̀yìn. “Kòkòrò ò jẹ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn ibà tí mo gbé mì ti ń yún mi.”