Wọ́n Ti Àkáǹtì Mi Pa, Ẹ̀rọ Gúgúrú Mi Sì Wà Lọ́wọ́ Wọn

Ọjọ́ tí ilé ìtajà orí fóònù tìlẹ̀kùn mọ́ mi síta, tí ẹ̀rọ gúgúrú mi sì wà lọ́dọ̀ wọn nínú lọ́hùn-ún, ọjọ́ yẹn ò lè kúrò lọ́kàn mi láyé. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí. Lọ́jọ́ náà, ẹkún ni mo fi jẹun.

Àsìkò tí nǹkan le koko ni. Mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, owó yunifásítì ò sí, mi ò sì fẹ́ jókòó sílé ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́, kí n máa wo ojú Màámi. Àǹtí mi, àbúrò Màámi tó ń ṣe tíṣà ní Oǹdó, ló bá mi gba àyè kan lẹ́nu géètì iléèwé wọn, pé kí n wá máa ta gúgúrú fáwọn ọmọ. Àmọ́ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ti ń wo àyè yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Tí iléèwé bá wọlé tí mi ò tíì dé, àyè ti lọ nìyẹn. Mo kó gbogbo owó tí mo rí nídìí irun dídì, mo fi ra ẹ̀rọ gúgúrú lórí fóònù, mo wá ń retí kó dé. Kò pẹ́ sí i ni iye ẹ̀rọ náà fò sókè, ó di ìlọ́po méjì. Mo ń jó kiri inú ilé, mo ní orí mi mọ ọjà rà.

Ohun tí mi ò rò ni ti àwọn ìyá ilé wa. Èmi nìkan nínú ilé ni mo ní àkáǹtì lọ́dọ̀ ilé ìtajà náà, ni àkáǹtì mi bá di ti gbogbo ayé. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń rajà lọ́dọ̀ wa. Èèyàn á gba bàtà lọ́wọ́ oníbàtà, á ní kó jẹ́ kóun lọ wọ̀ ọ́ wò nílé, á fi han ọkọ, á fi han ìyàwó àbúrò ọkọ, tí kò bá wù wọ́n, á gbé e padà, kò sì ní sí ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe rajà lórí fóònù mi. Ìyá Tósìn ra bàtà, ó dá a padà. Ó ra àwọ̀ mìíràn, ó dá ìyẹn náà padà, ó ní kì í ṣe pupa tóun rí lójú fóònù nìyí. Díákónẹ̀ẹ̀sì tó wà ní yàrá iwájú ra fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé e síwájú dígí, ó ní ó mú òun jọ olú ọ̀gán. Fìlà padà síbi tó ti wá. Ilé ìtajà yẹn fúnra wọn ló kọ ọ́ gàdàgbà pé tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dá a padà. A kàn gbà wọ́n gbọ́ ni.

Àfi bí mo ṣe ṣí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo rí i pé wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa. Wọn ò sọ ìdí. Mo wá ẹ̀rọ gúgúrú mi títí lójú fóònù, mi ò rí ohun tó jọ ọ́. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo kọ́kọ́ kí ẹni tó dá mi lóhùn, mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà, ará ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ó ní kí n yan ọ̀kan nínú mẹ́rin. Mo ní kí Ọlọ́run dá wọn sí, ẹ ṣàánú mi. Ó tún ní kí n yan ọ̀kan nínú mẹ́rin. Mo ti ṣàdúrà fún ìyàwó ẹ̀ tán kó tó yé mi pé kọ̀ǹpútà ni mo ń bẹ̀.

Nígbà tí Màámi gbọ́, ó wò mí bí ẹni tí kò gbẹ̀kọ́. "Ta ló ń bẹ̀bẹ̀ lórí fóònù? Àgbà la fi ń bẹ̀bẹ̀."

Ló bá kó ẹlẹ́bẹ̀ jọ: òun, Díákónẹ̀ẹ̀sì, àti Bàbá Lánlọ́ọ̀dù. A gbé iṣu dání, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní Arákálẹ̀. Bíọ́dún lorúkọ ọkùnrin tó wà nídìí káńtà. Kó tó bi wá pé kí la fẹ́, Màámi ti kúnlẹ̀. Díákónẹ̀ẹ̀sì kúnlẹ̀. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù ká agbádá sókè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ta ló fẹ́ dúró lórí ìdúró kí irú bàbá yẹn dọ̀bálẹ̀ fún un? Bíọ́dún fò jáde lẹ́yìn káńtà, òun náà dọ̀bálẹ̀. Èmi náà ò lè dá dúró, mo kúnlẹ̀. Gbogbo wa wà nílẹ̀. Obìnrin kan tó wá gba ẹrù ẹ̀ yọjú wọlé, ó rò pé olè ló ní ká sùn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ dìde," Bíọ́dún ń wí láti ilẹ̀. "Kì í ṣe èmi ni mo tì í. Ẹrù yín ti dé, òun ló wà lẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e fún yín, iṣẹ́ mi lọ."

Mo na ọrùn, mo rí kátọ́ọ̀nù náà, orúkọ mi wà lára ẹ̀. Ó wá dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbà tá a fẹ́ dìde, orúnkún Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Bíọ́dún tá a wá bẹ̀ ló bá wa gbé e. Mo fẹ́ gbé iṣu wa, Bàbá gbá mi lọ́wọ́. "A kì í gbé uṣu ẹ̀bẹ̀ padà sí ulé." A fi iṣu sílẹ̀, a padà lọ́wọ́ òfo.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ kejì láti lọ sọ fún Àǹtí pé kó kúkú jẹ́ kí oníbúrẹ́dì gba àyè yẹn. Ó jẹ́ kí n sunkún tán.

"Kí lo fi ṣẹ̀ wọ́n?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ṣé o ò sanwó ni?"

Mo ní mo san, rìsíìtì wà lórí fóònù mi.

"Kí wá lò ń bẹ̀ sí? Wọ́n lè ní kó o má wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn mọ́, ṣọ́ọ̀bù wọn ni. Wọn ò lè ti ohun tó o ti sanwó ẹ̀ mọ́lé."

Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Gbogbo wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Arákálẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí bi ara ẹ̀ léèrè yẹn.

Àǹtí ní kí n kọ̀wé sí wọn, kí n ní kí wọ́n sọ ohun tí mo ṣe, kí wọ́n sì gbé ẹrù mi fún mi. Wọ́n fèsì pé kí n má ṣèyọnu, àwọn ti dá owó mi padà sínú àkáǹtì mi. Èwo? Èyí tí wọ́n tì pa! Ká tiẹ̀ ní mo rí owó náà gbà, ìdajì ẹ̀rọ ló máa rà. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó ní ó yá, ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó rajà wà ní Àkúrẹ́, kí n gba ibẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe débẹ̀, orúnkún mi ti fẹ́ kanlẹ̀. Ìyá tó wà lórí àga ní, "Gba àga, jókòó. Ẹjọ́ lo wá rò, o ò wá tọrọ nǹkan." Ó ka ìwé tí èmi àti ilé ìtajà kọ síra wa, ó pè wọ́n lórí fóònù lójú mi. Wọ́n ní mo ti dá ọjà padà jù. Ó bi wọ́n pé òfin wo lọmọ yìí rú, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa dá a padà. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹ̀ fún un, ẹ̀rọ ló rà. Èmi ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́ sà. Ó ṣẹ́jú sí mi, mo panu mọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bíọ́dún pè mí pé kí n wá gbé ẹrù mi. Mi ò mọ bí mo ṣe dé Arákálẹ̀! Mo kàn mọ̀ pé bàtà ẹsẹ̀ mi ò bára mu. Mo gbá kátọ́ọ̀nù mọ́ra lójú títì, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Lọ́jọ́ tí iléèwé wọlé, gúgúrú ń ta pàù-pàù lẹ́nu géètì. Oníbúrẹ́dì náà ra tiẹ̀.

Ilé ìtajà náà tún kọ̀wé sí mi pé tí mo bá fẹ́, àwọn lè ṣí àkáǹtì mi padà. Ìyá Tósìn ti sáré jáde, bàtà kan tún ti wù ú. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ti sanwó, kó bèèrè ohun tó rà lórí ìdúró. Àmọ́ ẹ má wá sọ bẹ́ẹ̀ fún Màámi o. Títí dòní, ohun tó ń sọ fún gbogbo Ìsìkàn ni pé iṣu yẹn ló ṣiṣẹ́.